Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Iṣẹ́ ọwọ́ tí ò ná'ni lówó, fún ilé, fún ọmọ, fún ọdún

Ẹ kú dédé àsìkò yìí o. Ìbéèrè tó wọlé lórí iṣẹ́ ọwọ́ lóṣù yìí pọ̀ gan-an, bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ kan náà ló wà nídìí gbogbo ẹ̀: ọdún ń bọ̀, àwọn ọmọ ti gba họ́lídè, owó ò sì sí níta. Ohun tí màá kọ́kọ́ sọ fún gbogbo yín ni pé kẹ́ ẹ tó gbé owó lọ sí Balógun, ẹ wo ohun tí àwọn aládùúgbò yín ń dà nù ná, télọ̀, onípíríǹtìn, ẹlẹ́yin, ẹni tó ń tún bàtà ṣe. Owó díẹ̀ tẹ́ ẹ bá ní, ẹ fi ra sísọ́ọ̀sì tó mú, torí ohun tí wọ́n bá fi sísọ́ọ̀sì tí ò mú gé, bí wọ́n ṣe wù kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ tó, wúruwùru ló máa rí.

Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́. Yàrá kan là ń gbé ní Bàríga, èmi, ọkọ mi àtàwọn ọmọ. Igi Kérésì tá a rà léṣìí, orí ẹ̀ ti já, ewé ẹ̀ ti gbọ̀n tán, àwọn ọmọ sì ń bèèrè lójoojúmọ́ pé ṣé a ò ní ṣe ilé lọ́ṣọ̀ọ́ ni. Ẹgbẹ̀rún mẹ́ta náírà ni mo lè fi sílẹ̀. Ṣé ó lè ṣe nǹkan kan?
*Ìyá ọlọ́mọ mẹ́rin, Bàríga*

Ó lè ṣe nǹkan dáadáa, ó tiẹ̀ lè ṣẹ́ kù. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Bàríga, ọwọ́ yín ti tó o, torí Ṣómólú ò jìnnà sí yín rárá, ibẹ̀ sì ni àwọn onípíríǹtìn kún sí. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gé ìwé níbẹ̀, gbogbo ìgbà ló ń gé etí pépà kúrò, ti kàlẹ́ńdà, ti káàdì ìgbéyàwó, ti jọ́tà tí wọ́n ń pín lóde àríyá, pépà tó ń dán, páálí tó le, àwọ̀ oríṣiríṣi, àpò ni wọ́n máa ń dà á sí títí wọ́n á fi kó o dà nù. Ẹ lọ bá ẹni tó ń gé ìwé yẹn lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́ tí iṣẹ́ ti ń rọlẹ̀, ẹ kí i dáadáa, ẹ fún un lówó omi, ẹ máa rí ẹ̀kún báàgì gbé délé.

Inú etí pépà yẹn lẹ ó ti rí ṣéènì tẹ́ ẹ máa ta yí yàrá ká. Ẹ gé e ní gígùn sẹ̀ǹtímítà 20, kó fẹ̀ tó 3, ẹ ká ọ̀kan kẹ́ ẹ lẹ ẹnu ẹ̀ pọ̀, ẹ ti ìkejì bọ inú ẹ̀ kẹ́ ẹ lẹ òun náà, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rin lè ṣe é, ó sì máa ń dùn mọ́ wọn torí wọ́n ń rí i tó ń gùn lójú wọn.

Gọ́ọ̀mù, ẹ má rà á. Sítáàṣì tí wọ́n fi ń fọ aṣọ funfun ni kẹ́ ẹ lò. Síbí ìjẹun kan, ẹ fi omi tútù díẹ̀ pò ó kó má ní kókó, kẹ́ ẹ wá máa da omi tó ń hó lé e lórí díẹ̀díẹ̀ kẹ́ ẹ máa rò ó bí ẹni ń po ògì. Bó bá ti kúrò ní funfun tó wá ń dán gaara, ó ti jinná nìyẹn. Omi gbígbóná ló ń mú kí sítáàṣì wú kó sì fa omi mu, èyí tí ò bá jinná kò ní lẹ nǹkan kan mọ́ nǹkan kan, ìyẹ̀fun funfun lásán ló máa gbẹ sójú pépà. Bẹ́ ẹ bá ní álọ́ọ̀mù, ẹ fi bíńtín sí i, kò ní tètè kan, àwọn aládìrẹ ẹlẹ́kọ náà máa ń fi sínú láfún tí wọ́n fi ń ya aṣọ. Ẹ jẹ́ kó tutù kó tó dọ́wọ́ ọmọ, ẹ sì dé e pa lálẹ́ o, torí aáyán àti eku fẹ́ràn ẹ̀ ju bẹ́ ẹ ṣe rò lọ.

Tó bá wá di ti igi Kérésì, nínú yàrá kan, ara ògiri ló yẹ kó wà, kì í ṣe ilẹ̀. Ẹ wá igi gbígbẹ tín-ín-rín méje, kí tìsàlẹ̀ gùn tó sẹ̀ǹtímítà 60, kí tòkè pátápátá má ju 10 lọ, kí àwọn yòókù máa kéré sí i bó ṣe ń gòkè. Ẹ fi okùn so wọ́n lọ́tùn-ún lósì bí àkàbà, ìṣó kan péré lẹ ó fi gbé e kọ́. Ẹ fi ṣéènì yẹn, ìdérí kóòkì tẹ́ ẹ ti kùn àti gíge ańkárá ṣe é lẹ́ṣọ̀ọ́. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ iná, iná kékeré oníbátìrì ni. Ẹ má gbé àbẹ́là súnmọ́ ọn láé, tíná NEPA bá lọ kẹ́ ẹ gbé àbẹ́là sí apá ibòmíì, pépà àti igi gbígbẹ ni gbogbo nǹkan yẹn.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, gbogbo iṣẹ́ ọwọ́ tí mò ń rí, ti Kérésì ni. Ọmọbìnrin mi bi mí pé àwa ò ní tiwa ni. Ẹ fún wa ní ti Iléyá àti ti Ìtúnu Ààwẹ̀.
*Abílékọ, Ìdúmàgbò, Ìsàlẹ̀ Èkó*

Ẹ sọ fún un pé ẹ ní tiyín, ó sì rẹwà gan-an. Ẹ wá páálí pẹlẹbẹ, ẹ gé igun mẹ́rin ọgbọọgba méjì, ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan sẹ̀ǹtímítà 15, àwọ̀ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹ gbé ọ̀kan lé ìkejì, ẹ wá yí tòkè díẹ̀ títí ṣóńṣó ẹ̀ á fi bọ́ sí àárín ẹ̀gbẹ́ tìsàlẹ̀. Ìràwọ̀ ẹlẹ́nu mẹ́jọ ló máa jáde yẹn, irú èyí tí àwọn oníṣọ̀nà Mùsùlùmí ti ń yà sára mọ́ṣáláṣí àti ìwé láti ọjọ́ tó ti pẹ́ káàkiri ayé. Ọmọ tó bá ti lè lo rúlà lè ṣe é láìsí pé ẹnikẹ́ni ràn án lọ́wọ́. Ẹ ṣe bíi mẹ́wàá, kékeré àti ńlá, ẹ dá ihò sí i, ẹ fi òwú so wọ́n kọ́ sójú fèrèsé pẹ̀lú oṣù tẹ́ ẹ gé láti ara páálí, atẹ́gùn á máa yí wọn.

Ìkejì ni àpò owó ọdún. Ṣé ẹ mọ̀ pé tọ́mọdé bá ti kí bàbá àgbà kú ọdún, owó ló ń retí, kí owó yẹn wá wà nínú àpò tí ẹ̀gbọ́n ẹ̀ fọwọ́ ara ẹ̀ ṣe. Owó náírà 200, 500 àti 1,000, gígùn wọn lé díẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 15, nítorí náà bí àpò náà bá gùn tó 17 tó sì fẹ̀ tó 9, owó á wọ̀ ọ́ láìká. Ẹ má kọ déètì sára ohunkóhun tẹ́ ẹ bá ṣe. Ojú oṣù là ń tẹ̀ lé, lọ́dọọdún ni Iléyá máa ń fi nǹkan bí ọjọ́ 11 ṣíwájú, èyí tí ò bá ní déètì lẹ ó tún kó jáde lọ́dún tó ń bọ̀.

Àwọn kan máa ń gé àgbò láti ara páálí kí wọ́n fi òwú bò ó ní irun, ó dára, ọmọdé fẹ́ràn ẹ̀. Àmọ́ àwọn ilé kan ò fẹ́ àwòrán ohun ẹlẹ́mìí lára ògiri, ẹ bi bàbá ilé léèrè kẹ́ ẹ tó ṣe é.

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọkùnrin mẹ́ta ni mo bí, ọdún márùn-ún, mẹ́jọ àti mọ́kànlá. Látìgbà tí wọ́n ti gba họ́lídè, fóònù ìyá wọn ni wọ́n ń jà lé lórí látàárọ̀ dalẹ́. Ẹ bá mi wá ohun tí wọ́n lè fọwọ́ ara wọn ṣe.
*Bàbá àwọn bọ̀ìsì, Mushin*

Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká ti orí ayò bẹ̀rẹ̀. Ọpọ́n ayò, ihò 12 ló ní, mẹ́fà níwájú ẹnì kọ̀ọ̀kan, ọmọ ayò 48, mẹ́rin mẹ́rin nínú ihò kan. Ẹ wá wo páálí ẹyin, èyí tó ń gba ẹyin 30, ìlà márùn-ún ni, mẹ́fà mẹ́fà. Tẹ́ ẹ bá gé ìlà méjì jáde, ihò 12 ló máa wà níbẹ̀ géérégé, ọpọ́n kan nìyẹn. Ẹ tún gé méjì, ọpọ́n kejì nìyẹn, ìlà kan tó ṣẹ́ kù ni wọ́n á máa kó ọmọ ayò tí wọ́n bá jẹ sí. Mi ò mọ ohun míì tí wọ́n ń jù nù tó wúlò fún ọmọdé tó bẹ́ẹ̀.

Páálí kan ṣoṣo kì í pẹ́ rọ, nítorí náà kí wọ́n fi sítáàṣì tí mo sọ lókè pa inú ọ̀kan, kí wọ́n ti ìkejì bọ inú ẹ̀, kí wọ́n fọwọ́ tẹ ihò kọ̀ọ̀kan wọlé dáadáa, kí wọ́n sá a sóòrùn títí yóò fi gbẹ kanranjángbọ́n. Ọ̀dà tó ṣẹ́ kù nígbà tí wọ́n kun ilé ni kí wọ́n fi kùn ún. Èyí tí ìgbẹ́ adìẹ tàbí omi ẹyin bá ti wà lára ẹ̀, ẹ má gbà á, ẹlẹ́yin tó wà ládùúgbò á fún yín ní èyí tó mọ́ tẹ́ ẹ bá bẹ̀ ẹ́. Bẹ́ ò bá rí ọmọ ayò gidi rà, èkùrọ́ dáa, òkúta wẹ́wẹ́ dáa. Ẹ̀wà kéré jù, ọmọ ọdún márùn-ún lè tì í bọ imú tàbí etí. Ẹ jẹ́ kí ọmọ ọdún mọ́kànlá máa gé, kí ọmọ ọdún mẹ́jọ máa kùn, kí àbúrò wọn máa ka ọmọ ayò sínú ihò, mẹ́rin mẹ́rin, ìṣirò ló ń kọ́ yẹn tí ò mọ̀. Ẹ̀yin náà ẹ jókòó tì wọ́n kẹ́ ẹ ta á. Ẹni tó bá kọ́kọ́ kó ju ọmọ 24 lọ ló jẹ, wọ́n á rántí ẹni tó kọ́ wọn títí wọ́n á fi dàgbà.

Tí wọ́n bá ti ta ayò sú, mọ́tò agolo ló kàn. Agolo sàdíìnì ni ara mọ́tò, bàtà sìlípáàsì tó ti já ni táyà, ẹ fi ìdérí ìgò ṣe òṣùwọ̀n kí gbogbo táyà lè dọ́gba, torí tọ́kan bá tóbi ju ìyókù lọ, mọ́tò náà á máa yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ni. Wáyà líle ló máa gba àárín táyà kọjá. Ẹ̀yin lẹ máa fi ìṣó dá ihò sára agolo, ẹ ti igi bọ inú ẹ̀ kó má baà tẹ̀, ẹ sì fi pínṣà tẹ gbogbo etí agolo wọnú kó tó dọ́wọ́ ọmọ kankan. Etí agolo máa ń gé'ni bí abẹ ni, ẹ má fi apá yẹn sílẹ̀ fún wọn.

Àǹtí mi, akẹ́kọ̀ọ́ ni mí ní Akọka. Mo fẹ́ máa ṣe kàmpálà nínú họ́sítẹ́ẹ̀lì láti fi ṣe gíìfù ọdún fún àwọn ọ̀rẹ́ mi, bóyá kí n tà díẹ̀. Wọ́n ní kí n ra kọ́sítíìkì àti háídírọ́ọ̀sì, kẹ́míkà tí wọ́n ń pò mọ́ aró. Ṣé mo lè pò ó nínú yàrá?
*Akẹ́kọ̀ọ́bìnrin, Akọka*

Àbúrò mi, rárá o, má dán an wò nínú yàrá. Kọ́sítíìkì tó bá ti pàdé omi, gbígbóná ló máa gbóná lójijì, tó bá ta sí ọ lára ó máa bó awọ ara ẹ, tó bá ta sí ojú, ojú lè lọ. Háídírọ́ọ̀sì ní tiẹ̀, tómi díẹ̀ bá kàn án nínú ọ̀rá tó o dì í sí, ó lè fúnra ẹ̀ gbóná títí tó fi máa gbiná, èéfín ẹ̀ sì máa ń dí'ni lọ́nà ọ̀fun. Ìta gbangba làwọn tó ń ṣe é lójú iṣẹ́ ti ń pò ó, pẹ̀lú ìbọ̀wọ́, ẹ̀yìn tó o bá kọ́ ọ lọ́wọ́ wọn ni kó o tó fọwọ́ kàn án.

Ohun tí mo fẹ́ kó o ṣe ni ìlẹ̀kẹ̀ oníwèé. Kàlẹ́ńdà àtijọ́ tó ń dán ni kó o wá, kò sí ilé tí ò sí l'Ékòó. Fi rúlà fa ìlà sí i kó o gé e ní igun mẹ́ta tó gùn, ìdí ẹ̀ sẹ̀ǹtímítà 2 àtààbọ̀, gígùn ẹ̀ 30, kó máa tín-ín-rín lọ títí dé ṣóńṣó. Mú ọwọ̀ kan láti ara ìgbálẹ̀, ti apá tó fẹ̀ ni kó o ti bẹ̀rẹ̀ sí í ká a mọ́ ọn, kó fún dáadáa, kó o máa wo ọwọ́ ọ̀tún àti òsì kí ṣóńṣó yẹn lè bọ́ sí àárín gbùngbùn. Nígbà tó bá ku bíi sẹ̀ǹtímítà 5, fi gọ́ọ̀mù pa á, ká a tán, fọwọ́ dì í mú díẹ̀, kó o wá fa ọwọ̀ yẹn yọ. Tó bá ti gbẹ, fi ọ̀dà èékánná tí ò láwọ̀ kùn ún lẹ́ẹ̀mejì, á máa dán, òógùn ò sì ní tètè bà á jẹ́.

Ohun kan wà tí àwọn tó ń kọ́ ọ ò tètè ń mọ̀. Kì í ṣe gbogbo àwòrán kàlẹ́ńdà yẹn ló máa hàn lára ìlẹ̀kẹ̀, etí pépà lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì àti ṣóńṣó ẹ̀ nìkan ló ń hàn. Ibi tí àwọ̀ tó o fẹ́ bá wà lójú ìwé ni kó o jẹ́ kí ṣóńṣó bọ́ sí. Tó o bá fẹ́ kó sanra, jẹ́ kó gùn sí i, tó o bá fẹ́ kí ìlẹ̀kẹ̀ náà gùn, jẹ́ kí ìdí ẹ̀ fẹ̀ sí i. Bíi 20 ló máa ṣe ẹ̀gbà ọrùn tó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 50, tó o bá fi ìlẹ̀kẹ̀ kéékèèké sáàárín wọn, iye tó o máa ká á dín kù. Tó o bá fẹ́ tà á, ṣe é ní àwọ̀ kan tàbí méjì, èyí tó bá ṣe kálakàla jù kì í bá aṣọ mu.

Mo ṣe òdòdó láti ara ọ̀rá àti ìdérí ìgò, mo fi ṣe pálọ̀ lọ́ṣọ̀ọ́, ìyàwó ilé kejì wọlé, ó ní ṣé ààtàn ni mo sọ ilé di. Ó dùn mí. Ṣé kí n kó gbogbo ẹ̀ dà nù?
*Ẹni tọ́rọ̀ dùn, Agége*

Ẹ má kó o dà nù o! Ẹ wo ẹ̀kù egúngún, ṣebí gíge aṣọ oríṣiríṣi ni wọ́n rán pọ̀ sára ẹ̀, ta ló jẹ́ pè é láàtàn? El Anatsui, oníṣẹ́ ọnà ọmọ Ghana tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ olùkọ́ ní yunifásítì Nsukka lọ́dún 1975, ìdérí ìgò ọtí ló ń fi wáyà bàbà so pọ̀ títí á fi bo odindi ògiri. Lọ́dún 2015, wọ́n fún un ní àmì ẹ̀yẹ Golden Lion ní ìlú Venice fún iṣẹ́ tó ti fi gbogbo ayé ẹ̀ ṣe. Ìdérí ìgò náà nìyẹn.

Àmọ́ màá bá yín sọ òótọ́. Ohun tó ń mú kí iṣẹ́ ọwọ́ jọ ìdọ̀tí ni pé a ò parí ẹ̀ dáadáa. Ṣé ẹ fi ọṣẹ fọ ọ̀rá yẹn, ṣé ó gbẹ kẹ́ ẹ tó gé e? Ṣé orúkọ ilé iṣẹ́ omi ṣì ń hàn lára ẹ̀? Ṣé ẹ lọ gíge ańkárá kẹ́ ẹ tó lò ó, ṣé kókó okùn ń yọ síta? Ẹ tú u, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ mú àwọ̀ méjì tó bá kọ́tìnnì yín mu, ẹ kó ìyókù pa mọ́, ẹ tún un ṣe. Ìyàwó ilé kejì fúnra ẹ̀ lè wá bi yín pé níbo lẹ ti rà á.

Ọmọ mi, aṣọ ẹbí kún àpótí mi, èyí tí ò gbà mí mọ́, èyí tó ti ya, gèlè òun léèsì. Mo mọ abẹ́rẹ́ lò. Kí ni kí n fi wọ́n kọ́ àwọn ọmọ-ọmọ mi?
*Ìyá àgbà, Èbúté Mẹ́ta*

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta mà, Ìyá wa. Ẹ ya ańkárá sọ́tọ̀ ná. Ẹ gé e ní tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́, sẹ̀ǹtímítà 2 níbùú, 10 lóròó, ẹ fi sísọ́ọ̀sì dá ihò kéékèèké sára àpò ìrẹsì, kí wọ́n máa fa ańkárá yẹn wọ ihò kan jáde níkejì kí wọ́n ta á ní kókó. Bí wọ́n bá ṣe súnmọ́ra tó ló ṣe máa nípọn tó, fútúmáàtì gidi ló máa dà. Ọ̀pọ̀ léèsì àti gèlè kì í fa omi, ẹ má fi wọ́n ṣe ti ẹnu ọ̀nà balùwẹ̀, èèyàn lè yọ̀ ṣubú. Gèlè ségò ní tiẹ̀, líle ẹ̀ yẹn ló máa fi wúlò, ẹ ṣẹ́ ẹ ní ṣẹ́ńṣẹ́ẹ̀ṣẹ́, ẹ fi òwú dì í láàárín, òdòdó ni, ó dúró dáadáa lórí gíìfù ọdún. Ẹ kọ́ àwọn ọkùnrin inú wọn náà mà, kì í ṣe obìnrin nìkan.

Ọmọ mi tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án fẹ́ bá wọn jó ijó ìgboro Fàǹtí, ó fẹ́ ìbòjú. Iye tí wọ́n pè é fún mi ga jù. Ṣé mo lè ṣe é nílé?
*Ìyá ọmọ kan, Láfíàjì*

Ẹ lè ṣe é. Fàǹtí tí àwọn Àgùdà tó padà dé láti Bùràsíìlì fi lélẹ̀ l'Ékòó, ìbòjú àti aṣọ aláràbarà ni ẹwà ẹ̀. Ẹ fẹ́ bàlóònù kó tó orí ọmọ náà, ẹ ya ìwé ìròyìn wẹ́wẹ́, ẹ má gé e, torí èyí tí wọ́n ya ló ń lẹ̀ mọ́ra láìhàn. Ẹ rì í sínú sítáàṣì tó ṣàn díẹ̀, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ apá kan bàlóònù, ìpele mẹ́rin, kí ọ̀kan gbẹ kẹ́ ẹ tó fi ìkejì lé e. Nígbà ọyẹ́, kì í pẹ́ gbẹ. Nígbà òjò, ó lè bu kó tó gbẹ, nítorí náà ẹ tètè bẹ̀rẹ̀, ẹ sì máa gbé e síwájú fáànù. Tó bá ti le, ẹ fọ́ bàlóònù, ẹ gé ojú àti ẹnu ẹ̀, ẹ fi ọ̀dà funfun kùn ún kẹ́ ẹ tó fi àwọ̀ lé e, àwọ̀ á là rederede. Ẹ fi gíge aṣọ lẹ inú ẹ̀ kó má ha á lójú, ẹ fi rọ́bà tẹ́lọ̀ dè é lẹ́yìn. Kó tó gbé e jáde, kó wọ̀ ọ́ nílé, kó rìn lọ kó rìn bọ̀, kó sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Tí ò bá rí ẹsẹ̀ ara ẹ̀ nílẹ̀, ẹ tún ojú ẹ̀ gé kó fẹ̀ sí i.